Ọ̀nà Oúnjẹ Kì í Ṣe Gògóńgò

Áfáà Sálíù dìde lórí àga, ó fa agbádá rẹ̀ sí èjìká, ó sì sọ fún dókítà pé kò sí ẹni tí yóò fi irin kan gògóńgò òun níwọ̀n ìgbà tí òun bá ṣì ń mí. Kò pariwo. Kò tilẹ̀ sí okun ariwo lára rẹ̀ mọ́. Ìyàwó rẹ̀, Ìyá Káfáyà, di etí agbádá náà mú bí ẹni tó fẹ́ dá a jókòó, ṣùgbọ́n ọkùnrin náà rọra gbà á lọ́wọ́ rẹ̀, ó kí gbogbo wa pé ó dìgbóṣe, ó sì jáde lọ.

Èmi ni nọ́ọ̀sì tó wà nínú yàrá náà lọ́jọ́ yẹn. Mo wo ẹ̀yìn rẹ̀ bó ṣe ń lọ. Ó ti gbẹ débi pé aṣọ ló ń gbé e rìn. Mo mọ̀ pé bó bá lọ báyìí tí kò padà wá, ebi ni yóò pa á, kì í ṣe ebi àìrí oúnjẹ, bí kò ṣe ebi ẹni tí wọ́n gbé oúnjẹ síwájú rẹ̀ tí kò rí i gbé mì. Ọ̀rọ̀ kan péré ló sì lé e jáde. Dókítà fẹ́ dárúkọ ọ̀nà tí oúnjẹ ń gbà lọ sí ikùn, ó wá pè é ní gògóńgò.

Dúpẹ́ ni orúkọ mi, ọmọ Ọ̀mù-Àrán. Ìlọrin ni mo ti ṣe iṣẹ́ nọ́ọ̀sì títí mo fi fẹ̀yìntì, èyí tó pọ̀ jù nínú rẹ̀ ni mo sì lò ní ẹ̀ka tí wọ́n ti ń yẹ ọ̀nà oúnjẹ àti ikùn wò. Rọ́bà kan wà tí a fi ń ṣe iṣẹ́ náà, ó gùn, ó tẹ́ẹ́rẹ́, ó sì rọ̀. Iná àti kámẹ́rà kékeré wà lẹ́nu rẹ̀. Dókítà á tì í bọ ẹnu aláìsàn, rọ́bà á gba ọ̀fun kọjá lọ sísàlẹ̀, ohun tó bá sì rí níbẹ̀ á máa hàn lórí tẹlifíṣọ̀n. Iṣẹ́ tèmi ni kí n di orí aláìsàn mú, kí n máa fa itọ́ kúrò lẹ́nu rẹ̀, kí n sì máa bá a sọ̀rọ̀. Dókítà ń wo tẹlifíṣọ̀n, èmi ń wo ojú èèyàn. Ẹni tí kò bá ṣe iṣẹ́ yìí rí kò lè mọ bí ojú ṣe ń sọ̀rọ̀ tó nígbà tí ẹnu bá dí.

Sístà Oyèládùn ló kọ́ mi. Obìnrin gíga ni, ó máa ń rìn bí ẹni tí kò kánjú rárá, síbẹ̀ òun ló máa ń kọ́kọ́ parí iṣẹ́. Ní ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́ mi lábẹ́ rẹ̀, ó sọ fún mi pé kí n tó fọwọ́ kan ẹnikẹ́ni, kí n sọ ohun tí mo fẹ́ ṣe fún un ní ọ̀rọ̀ tí òun náà yóò lè lọ sọ fún ìyá rẹ̀ nílé. Ó ní bí kò bá lè sọ ọ́ fún ìyá rẹ̀, kò tíì yé e, bí kò bá sì tíì yé e, bẹ́ẹ̀ni tó sọ fún mi kì í ṣe bẹ́ẹ̀ni.

Mo rò pé ọ̀rọ̀ tó rọrùn ni, àfi ìgbà tí mo bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Obìnrin kan wà tí a sọ fún pé kí ó má jẹun láti alẹ́ títí a ó fi yẹ̀ ẹ́ wò. Nígbà tí rọ́bà dé inú ikùn rẹ̀, funfun ló kún ibẹ̀. A yọ rọ́bà, a bi í ohun tó jẹ. Ó búra pé òun kò jẹ nǹkan kan. Ó ní ẹ̀mí òun ni òun fi ń búra, òun kò jẹun, ògì ni òun mu. Inú bí dókítà, ṣùgbọ́n obìnrin náà jàre wa. Kò sí ọmọ Yorùbá tó ń jẹ ògì. Mímu ni à ń mu ún. Láti ọjọ́ náà ni mo ti ń sọ fún wọn pé kí wọ́n má jẹ, kí wọ́n má mu, kí wọ́n má lá, kí wọ́n má sì fi ohunkóhun kan ẹnu. Kódà, ẹnìkan ṣì bi mí bóyá obì wà nínú rẹ̀, torí jíjẹ kọ́ ni òun fẹ́ jẹ ẹ́, òun kàn fẹ́ fi í sẹ́nu ni.

Bí ti jíjẹ àti mímu ṣe rí nìyẹn. Ti ọ̀fun le jù ú lọ.

Ọ̀fun ni a ń pe gbogbo ibẹ̀. Ọ̀fun ń dun ọmọdé, egungun ẹja há àgbà lọ́fun, òùngbẹ mú kí ọ̀fun gbẹ, ọ̀fun akọrin dáa. Gògóńgò sì ni eegun tó yọ síta níwájú ọrùn ọkùnrin. Ibẹ̀ ni ohùn wà. Nítorí pé ó máa ń lọ sókè sódò nígbà tí a bá ń gbé òkèlè mì, ọ̀pọ̀ èèyàn rò pé inú rẹ̀ ni òkèlè ń gbà. Kò rí bẹ́ẹ̀. Ọ̀nà méjì ló wà nínú ọrùn. Tiwájú ni ti èémí, ó le, ó máa ń ṣí sílẹ̀ nígbà gbogbo, gògóńgò sì ni orí rẹ̀. Tẹ̀yìn, èyí tó fara ti eegun ọrùn, ni ti oúnjẹ. Òun rọ̀. Ó máa ń lẹ̀ pọ̀ bí àpò tí kò sí nǹkan nínú rẹ̀, àfi bí nǹkan bá ń bọ̀ lókè ni yóò ṣí, tí yóò sì máa fún nǹkan náà díẹ̀díẹ̀ lọ sí ikùn. Ọ̀nà oúnjẹ ni èmi ń pè é. Bí mo ṣe gbọ́ ọ lẹ́nu Sístà Oyèládùn nìyẹn, bí mo sì ṣe ń sọ ọ́ fún aláìsàn nìyẹn, màá sì fi ìka mi fa ilà láti ẹ̀yìn ọrùn wọn wá sí àárín àyà kí wọ́n lè mọ ibi tí mò ń wí.

Olùkọ́ kéwú ni Áfáà Sálíù. Ilé-kéwú rẹ̀ wà nínú ìlú, ní agbo ilé bàbá rẹ̀, níbi tí bàbá rẹ̀ àti bàbá bàbá rẹ̀ ti kọ́ àwọn ọmọ ṣáájú rẹ̀. Ohùn rẹ̀ ni àwọn èèyàn fi mọ̀ ọ́n. Nígbà ààwẹ̀, àwọn tó ń gbé ní àdúgbò mìíràn máa ń wá kírun lẹ́yìn rẹ̀ kí wọ́n lè gbọ́ bó ṣe ń ké Kùránì. Àìsàn rẹ̀ wá jẹ́ pé ibodè tó wà ní ìsàlẹ̀ ọ̀nà oúnjẹ, níbi tó ti wọnú ikùn, kò ṣí mọ́. Oúnjẹ á lọ dé ibẹ̀, á dúró. Omi náà á dúró. Lẹ́yìn ìgbà díẹ̀, gbogbo rẹ̀ á padà sókè. Kì í ṣe jẹjẹrẹ, ó sì ní ìtọ́jú. Wọ́n á fún aláìsàn ní oògùn oorun, wọ́n á ti bàlúùnù kékeré gba ẹnu rẹ̀ dé ibodè náà, wọ́n á fẹ́ ẹ, yóò sì fi agbára ṣí i.

Ọ̀dọ́ ni dókítà tó ṣàlàyé fún un, ọmọ dáadáa sì ni. Yorùbá rẹ̀ ni kò jinlẹ̀. Ó fẹ́ kí ó yé Áfáà, ìdí nìyẹn tí kò fi sọ gẹ̀ẹ́sì. Ó ní, "Áfáà, gògóńgò yín ni kò ṣí, a máa fi nǹkan là á." Ọkùnrin tó ń fi ohùn jẹun gbọ́ pé wọ́n fẹ́ la gògóńgò òun. Kí lẹ fẹ́ kó ṣe?

Kí n tó ráyè sọ̀rọ̀, ó ti dìde. Mo sọ fún Mátírọ́nù, ọ̀gá àwa nọ́ọ̀sì, pé mo fẹ́ sáré tẹ̀ lé e. Ó ní kí n wo kọ́rídọ̀. Mo wò ó. Èrò kún ibẹ̀ láti ìdájí, àwọn mìíràn jókòó sílẹ̀, nọ́ọ̀sì méjì péré ni wá. Nígbà tí iṣẹ́ parí, Mátírọ́nù pè wá jọ, ó ní àlàyé wa ti ń gùn jù, pé òun ni kò jẹ́ kí èrò tètè tán. Ó ní láti ọjọ́ náà lọ, kí á máa sọ ọ́ ní ṣókí. Ọ̀fun ni ọ̀fun. Ẹni tí kò bá yé, kí ó lọ bi dókítà.

Mo ní, "Ẹ má bínú, Mà. Mi ò ní í pe ọ̀nà oúnjẹ ní gògóńgò fún ẹnikẹ́ni, mi ò sì ní í dúró kí wọ́n máa pè é bẹ́ẹ̀ lójú mi kí n dákẹ́."

Ó ní orí kunkun mi yóò kó bá mi. Mo sọ fún un pé ó lè jẹ́ bẹ́ẹ̀.

Òfin wa kò gba kí nọ́ọ̀sì máa lọ bá aláìsàn nílé láìgbàṣẹ. Mo mọ òfin náà dáadáa. Mo béèrè fún àṣẹ, wọn kò fún mi. Nígbà tó di ọjọ́ Àìkú, mo kúrò ní ṣọ́ọ̀ṣì, mo wọ kẹ̀kẹ́ ní Challenge, mo ní kó gbé mi lọ sí ọjà Ipata. Mo ti gbọ́ lẹ́nu Ìyá Káfáyà pé ẹ̀wà àti ọkà bàbà ni ó ń tà níbẹ̀. Mo béèrè títí mo fi rí i láàárín àwọn àpò. Nígbà tó dá mi mọ̀, kò bi mí léèrè ohun tí mo wá ṣe. Ó sọ fún ẹni tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ pé kó bá òun wo ọjà, ó sì mú mi lọ sílé.

Áfáà fẹ̀yìn ti ògiri lórí ẹní, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tó ti dàgbà ló ń kọ́ àwọn kékeré ní ìta. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀, Alájì Múnírù, jókòó tì í. Mo kúnlẹ̀, mo kí wọn. Alájì kò jẹ́ kí n pẹ́ nílẹ̀ kó tó sọ tẹnu rẹ̀. Ó ní àwọn kò ranṣẹ́ pe ẹnikẹ́ni. Ó ní àwọn àgbà ti sọ ọ́ tipẹ́ pé ọ̀nà ọ̀fun lọ̀nà ọ̀run, pé bí Ọlọ́run bá fẹ́ mú àbúrò òun, kó mú un pẹ̀lú ohùn rẹ̀.

Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ Alájì. Mo wá kọjú sí Áfáà.

Mo ní, "Áfáà, ìbéèrè kan péré ni mo ní. Tí ẹ bá fẹ́ dúńbú àgbò, kí ni ẹ gbọ́dọ̀ gé kí ẹran náà tó di hàláàlì?"

Alájì bojú jẹ́, ó rò pé àrífín ni. Ṣùgbọ́n olùkọ́ ni Áfáà, olùkọ́ kì í sì í rí ìbéèrè kó fi í sílẹ̀. Ó gbéra díẹ̀ kúrò lára ògiri.

"Ọ̀nà èémí àti ọ̀nà oúnjẹ," ló wí, "àti iṣan ẹ̀jẹ̀ méjì tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn. Àwọn ọmọ kékeré tí ẹ ń gbọ́ níta yẹn mọ̀ ọ́n."

"Ṣé ọ̀kan náà ni ọ̀nà méjèèjì?"

"Rárá o. Ti èémí ni Lárúbáwá ń pè ní húlúkúmù. Òun ló le. Ti oúnjẹ ni máríù. Ẹ̀yìn rẹ̀ ló wà, òun rọ̀."

Mo ní, "Máríù ló ń ṣe yín, Áfáà. Ìsàlẹ̀ rẹ̀ pátápátá, lẹ́bàá ikùn. Kò sí ẹni tó fẹ́ la húlúkúmù yín."

Ó gbé ọwọ́ lé gògóńgò rẹ̀, ó gbé e kúrò, ó wá gbé e lé ìsàlẹ̀ àyà, níbi tí oúnjẹ ti máa ń dúró. Ó bi mí bóyá ó dá mi lójú. Mo ní ó dá mi lójú, pé mo wà níbẹ̀ nígbà tí wọ́n wò ó, pé mo rí ibodè náà bó ṣe dì pinpin. Ó bi mí ìdí tí dókítà fi pè é ní gògóńgò nígbà náà. Mo sọ fún un pé ọ̀rọ̀ ló ṣì dókítà lẹ́nu, pé ọwọ́ rẹ̀ mọ ọ̀nà ju ẹnu rẹ̀ lọ.

Nígbà náà ni ó wá sọ ohun kan fún mi tí n kò gbọ́ rí. Ó ní àwọn onímọ̀ èdè Lárúbáwá sọ pé orúkọ náà, máríù, ìdí kan náà ni òun àti ọ̀rọ̀ tí wọ́n fi ń pe oúnjẹ tó lọ wẹ́rẹ́, tó dùn mọ́ni tó sì ṣe ara lóore. Ó ní bí wọ́n bá ń ṣàdúrà fún ẹni tó ń jẹun, ọ̀rọ̀ yẹn ni wọ́n ń lò, pé kí ó lọ wẹ́rẹ́ fún un. Ẹ̀rín díẹ̀ wá sí ẹnu rẹ̀.

"Tèmi ti gbàgbé orúkọ ara rẹ̀," ló wí.

Mi ò fi ibẹ̀ sílẹ̀ láìsọ ìyókù. Mo sọ fún un pé iṣẹ́ náà ní ewu, pé bàlúùnù lè ya ọ̀nà oúnjẹ nígbà mìíràn, bí ó bá sì ya, wọ́n lè ní láti ṣe iṣẹ́ abẹ. Mo tún sọ fún un pé bí wọ́n bá fún un ní oògùn oorun, wọ́n á ti páìpù kékeré sí ọ̀nà èémí rẹ̀ kí ó lè máa mí dáadáa, wọ́n á sì yọ ọ́ kó tó jí. Páìpù yẹn lè mú kí ohùn rẹ̀ há fún ọjọ́ díẹ̀. Yóò padà bọ̀ sípò.

Alájì ní òun ti mọ̀ pé ohun tí mò ń fi pamọ́ nìyẹn. Mo ní n kò fi pa mọ́, ẹnu mi ni ó ti gbọ́ ọ. Mo ní, "Alájì, mo lè parọ́ kí ẹ lè gbà. Mi ò ní í parọ́ fún yín."

Ìyá Káfáyà tó wà lẹ́nu ọ̀nà láti ìgbà tí a ti dé ló wá sọ̀rọ̀. Kò wo ẹnikẹ́ni nínú wa, ọkọ rẹ̀ nìkan ló ń wò. Ó ní, "Bàbá Káfáyà, ẹni tí kò rí omi gbé mì, kí ni yóò fi ohùn ṣe? Èmi ni mò ń da ẹ̀kọ tí ẹ kò rí mu nù láràárọ̀."

Áfáà ní òun yóò padà wá, ínṣáláhù, lórí àdéhùn kan. Kí n wà níbẹ̀. Kí gbogbo ohun tí wọ́n bá sì fẹ́ ṣe kọ́kọ́ gba ẹnu mi kọjá ní Yorùbá.

Ní ọjọ́ Ajé, wọ́n pè mí sí ọ́fíìsì dókítà àgbà, ẹni tó jẹ́ olórí ẹ̀ka wa. Mátírọ́nù wà níbẹ̀. Wọ́n ti gbọ́ pé mo lọ sí ilé aláìsàn, n kò sì jẹ́ kí wọ́n bi mí kí n tó jẹ́wọ́ pé mo lọ. Mo ní mo béèrè àṣẹ, wọn kò fún mi, mo sì lọ, torí pé ọkùnrin náà ń kú lọ nítorí ọ̀rọ̀ tí a sọ fún un nínú yàrá wa. Mo ní bí wọ́n bá fẹ́ fìyà jẹ mí, ìyẹn yé mi, ṣùgbọ́n mi ò ní í tọrọ àforíjì.

Dókítà àgbà kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀. Ó bi mí ohun tí mo pe ibẹ̀ fún Áfáà. Mo sọ fún un, mo sì sọ ohun tí Áfáà náà sọ fún mi nípa máríù. Ó fẹ̀yìn tì. Ó ní nígbà tí òun wà nílé ẹ̀kọ́, ọ̀kan nínú àwọn olùkọ́ òun sọ pé orúkọ tí gẹ̀ẹ́sì ń pe ọ̀nà náà, ọ̀dọ̀ àwọn Gíríkì àtijọ́ ló ti wá, ìtumọ̀ rẹ̀ kò sì ju ohun tó ń gbé oúnjẹ lọ. Ó ní òun kò ronú kàn án láti ìgbà náà.

Mátírọ́nù ní kò burú, ṣùgbọ́n ọ̀nà oúnjẹ kì í ṣe orúkọ, àpèjúwe lásán ni, kò sí nínú ìwé tí wọ́n fi ń ṣe ìdánwò.

N kò lè pa á mọ́ra. Mo ní, "Ohun tó ń gbé oúnjẹ lọ ńkọ́, Mà? Ṣé òun kì í ṣe àpèjúwe? Gíríkì wo iṣẹ́ tó ń ṣe, ó fi sọ ọ́ lórúkọ. Lárúbáwá wo bó ṣe ń dùn mọ́ni, ó fi sọ ọ́ lórúkọ. Bí Yorùbá bá wá wo ibi tí oúnjẹ ń gbà kọjá, kí ló dé tí tiwa fi di ọ̀rọ̀ lásán?"

Mátírọ́nù dá mi lóhùn pé àwọn Gíríkì kò ní irú èrò tó wà ní kọ́rídọ̀ wa. Dókítà àgbà rẹ́rìn-ín, èmi náà fẹ́rẹ̀ẹ́ rẹ́rìn-ín, torí pé òótọ́ wà nínú ohun tó sọ. Obìnrin náà kì í ṣe ọ̀tá mi. Ó ń wá bí gbogbo èèyàn yóò ṣe rí ìtọ́jú kí ilẹ̀ tó ṣú. Èmi sì ń wá bí ẹni tó jókòó níwájú mi yóò ṣe mọ ohun tí a fẹ́ fi ara rẹ̀ ṣe. A kò gbà fún ara wa títí ó fi fẹ̀yìntì ṣáájú mi.

Ìdájọ́ wọn ni pé kí n ṣàlàyé fún Áfáà bí mo ṣe ṣèlérí, ṣùgbọ́n nítorí òfin tí mo rú, wọ́n máa gbé mi kúrò ní ẹ̀ka náà lọ sí wọ́ọ̀dù àwọn obìnrin. Ó dùn mí wọra. Ibẹ̀ ni mo ti mọ iṣẹ́, ibẹ̀ ni mo ti fẹ́ fẹ̀yìntì. Mo ní mo gbọ́, kí wọ́n sáà jẹ́ kí n dúró títí Áfáà yóò fi ṣe tirẹ̀.

Ní ọjọ́ tó wá, mo jókòó tì í, mo sọ gbogbo rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Dókítà ọ̀dọ́ náà dúró tì wá, ó ń gbọ́, ó sì ń bi mí léèrè ọ̀rọ̀ tí kò bá mọ̀. Áfáà ní kí ó tún un sọ fún òun fúnra rẹ̀. Ó sọ ọ́. Ó pe ọ̀nà oúnjẹ ní ọ̀nà oúnjẹ. Áfáà ní, "Bísímílà," ó sì na ọwọ́ fún abẹ́rẹ́.

Iṣẹ́ náà lọ dáadáa. Mo rí ibodè náà lórí tẹlifíṣọ̀n bó ṣe rọra ṣí. Ṣùgbọ́n nígbà tí Áfáà jí, tí Alájì wọlé wá kí i, ohùn tó fi dáhùn há débi pé kò jọ tirẹ̀ rárá. Ojú Alájì yí padà. Ó kọjú sí mi, ó bi mí ohun tí a ti ṣe fún àbúrò òun, àwọn mọ̀lẹ́bí tó wà níta sì gbọ́, wọ́n sún mọ́ ẹnu ọ̀nà. Mo mọ ohun tí ó fà á, mo mọ̀ pé yóò lọ, ṣùgbọ́n kò sí ọ̀rọ̀ tí èmi tàbí dókítà lè sọ ní ìṣẹ́jú yẹn tí wọn yóò gbà gbọ́.

Áfáà ló gbé ọwọ́ sókè. Ó fi ohùn tó há náà sọ̀rọ̀ díẹ̀díẹ̀.

"Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ fi wọ́n sílẹ̀. Wọ́n ti sọ ọ́ fún mi nílé, ẹ̀yin náà wà níbẹ̀. Húlúkúmù ló ń ráhùn. Ẹ jẹ́ ká gbọ́ ti máríù."

Ní àárọ̀ ọjọ́ kejì, wọ́n fún un ní omi nínú kọ́ọ̀bù. Ó gbé e mì, ó sì dúró, ó ń retí kí ó padà sókè bó ṣe máa ń padà. Kò padà. Ó tún gbé òmíràn mì. Ìyá Káfáyà kọjú sí ògiri, ó ń fi ìborùn nu ojú. Áfáà mu omi náà tán, ó gbé kọ́ọ̀bù fún mi, ó pa ojú dé fún ìgbà pípẹ́, ó sì ń sọ àlùhámúdùlíláì lábẹ́ èémí. Ohùn rẹ̀ mọ́ kí ọ̀sẹ̀ náà tó parí. Nígbà ààwẹ̀ tó tẹ̀ lé e, èmi tí mo jẹ́ ọmọ ṣọ́ọ̀ṣì, mo ní kí oníkẹ̀kẹ́ gbé mi gba iwájú agbo ilé wọn kọjá, mo sì ní kí ó dúró díẹ̀ kí n gbọ́ ọ.

Wọn kò dá mi padà sí ẹ̀ka mi. Ní wọ́ọ̀dù àwọn obìnrin, mo bá irú ìṣòro kan náà, ó tilẹ̀ burú jù, torí pé ìtìjú tún wà nínú àwọn ọ̀rọ̀ ibẹ̀. Inú ni wọ́n ń pe gbogbo nǹkan. Inú ń run mí lè jẹ́ ikùn, ó lè jẹ́ ilé ọmọ, ó lè jẹ́ ilé ìtọ̀. Mo bẹ̀rẹ̀ lákọ̀tun. Dókítà ọ̀dọ́ náà máa ń wá bá mi ní ìsinmi ọ̀sán láti béèrè bí òun yóò ṣe sọ nǹkan. Bí mo bá mọ̀ ọ́n, mo sọ fún un. Bí n kò bá mọ̀ ọ́n, a jọ máa ń wá a.

Ní ọdún tí mo fẹ̀yìntì, ilé ẹ̀kọ́ nọ́ọ̀sì aládàáni kan ní GRA pè mí pé kí n wá máa kọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ bí a ṣe ń tọ́jú aláìsàn. Kò pẹ́ tí ọ̀gá ilé ẹ̀kọ́ fi pè mí. Ó ní àwọn òbí ń ṣàròyé pé Yorùbá ni mo fi ń kọ́ ọmọ àwọn, bẹ́ẹ̀ gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n máa fi ṣe ìdánwò. Mo sọ fún un pé mo ń kọ́ wọn ní gẹ̀ẹ́sì tí wọn yóò fi ṣe ìdánwò, mo sì ń kọ́ wọn ní Yorùbá tí wọn yóò fi ṣe iṣẹ́. Mo ní ìdánwò á parí lọ́jọ́ kan, aláìsàn kò ní í parí. Mo ní bí ó bá fẹ́ èkíní láìfẹ́ èkejì, kí ó wá ẹlòmíràn, kò ní í bí mi nínú. Ó ní kí n ṣì máa bá iṣẹ́ lọ ná.

Mo ti ibẹ̀ lọ sí kíláàsì. Ọmọbìnrin kan nawọ́ sókè kí n tó jókòó. Ó ní òun fẹ́ mọ ohun tí à ń pe páńkíríásì, ẹ̀yà ara tó wà lẹ́yìn ikùn, ní Yorùbá. Mo sọ fún un pé n kò mọ̀ ọ́n. Àwọn kan rẹ́rìn-ín, wọ́n rò pé mo ti kan ògiri.

Mo ní, "Ẹ lọ bá àwọn alápatà, ẹ lọ bá ìyá ìyá yín, ẹ lọ bá àwọn áfáà. Ẹ béèrè ohun tí wọ́n ń pè é, kí ẹ sì béèrè ìdí tí wọ́n fi ń pè é bẹ́ẹ̀. Bí ẹ bá béèrè títí tí kò sí ẹni tó mọ̀ ọ́n, ẹ wo iṣẹ́ tó ń ṣe, kí ẹ sọ ọ́ lórúkọ."